Ohun Tí Àgbà Ń Fi Lé Ọmọdé Lọ́wọ́, Ohun Tí Kò Gbọdọ̀ Fi Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Aṣáájú Tuntun Nínú Ẹgbẹ́ Sikáòtù

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, mo júbà kí n tó lanu. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti dàgbà ju ipò ọmọ ẹgbẹ́ lọ tí ẹ wá fẹ́ di aṣáájú, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé lẹ fi jìn wá, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ iye òde tó ń lọ lọ́wọ́ nígboro báyìí. Ẹ pa ìrẹsì àti ẹran tì, ẹ wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ ṣeun, a ò ní pa tiyín náà tì.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni iṣẹ́ aṣáájú Sikáòtù gan-an? Ṣé kó máa pàṣẹ ni? Ṣé kó máa fọn fèrè kí àwọn ọmọ lè tò sórí ìlà? Ṣé kó wọ káákì, kó so sikáàfù mọ́rùn, kó máa yan lọ yan bọ̀ lọ́jọ́ òmìnira? Gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni iṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò ju méjì lọ: kí àgbà mọ ohun tó yẹ kó fi lé ọmọdé lọ́wọ́, kó sì mọ ohun tí kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ láé. Aṣáájú tó bá ṣi méjèèjì gbé, tó di èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ mú, tó wá ju èyí tó yẹ kó dì mú nù, ẹgbẹ́ rẹ̀ á túká. Bí kò bá sì túká, ọmọ ọlọ́mọ á fara pa níbẹ̀.

Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A máa ń fi òwe yẹn sọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ lásán. Nínú Sikáòtù, inú kèrègbè ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí àgbà bá sì ti ń fi tipátipá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kèrègbè á fọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ síbi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá, kí ẹ má baà rò pé ìwé ẹ̀rí lásán ni a ń wá kiri.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Baden-Powell, kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan jẹ́ ọmọ olówó tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá, àwọn yòókù jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́. Kò kó gbogbo wọn sójú kan bí ọmọ ogun. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó fi orúkọ ẹranko àti ẹyẹ pè wọ́n: ìkookò, akọ màlúù, ẹyẹ ìwò, àti curlew, ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn kan tó máa ń jẹ̀ létí omi. Ọmọ kan ni olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ o, kì í ṣe àgbà.

Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn ọmọ níbi púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀wọ́ tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n tó rí àgbà kankan tí yóò darí wọn. Àwọn gan-an ni wọ́n lọ ń wá àgbà. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọmọ ló kọ́kọ́ dé, àgbà ló tẹ̀ lé e. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí àgbà dé, ó kó ìwà rẹ̀ dé. Ẹni tó jẹ́ olùkọ́ sọ ọ́ di kíláàsì, ẹni tó jẹ́ ṣọ́jà sọ ọ́ di bárékè. Ó wá di dandan kí wọ́n dá àgbà náà lẹ́kọ̀ọ́.

Ní 1919, ọkùnrin ará Scotland kan, William de Bois Maclaren, gbé owó kalẹ̀, wọ́n fi ra Gilwell Park, ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó Epping, létí ìlú London. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ọkùnrin 19 kóra jọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, Francis Gidney sì ni ọ̀gá ibùdó. Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ wọn? Wọ́n pín àwọn bàbá oníbàbá sí ọ̀wọ́ bí ọmọdé, wọ́n ní kí wọ́n pàgọ́, kí wọ́n dáná, kí wọ́n gbọ́ àṣẹ ẹni tó bá jẹ́ olórí ọ̀wọ́. Ìdí nìyẹn tí a óò fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ níbí, ẹni tó jẹ́ máníjà ní báńkì, ó máa fọ ìkòkò.

Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ náà a máa gba ìlẹ̀kẹ̀ onígi méjì tí a fi awọ so kọ́ ọrùn. Òun là ń pè ní Wood Badge títí dòní. Ara ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Dinuzulu, ọba àwọn Zulu, ni wọ́n ti mú àwọn ti àkọ́kọ́. Bí ó ṣe dé ọwọ́ Baden-Powell gan-an, ìtàn rẹ̀ kò dọ́gba lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Àwa tí a mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ lọ́rùn ọba, ó yẹ kó máa wà lọ́kàn wa pé ohun ọ̀ṣọ́ ọba ilẹ̀ Áfíríkà kan ni àgbáyé ń so kiri. Ẹni tó ń ran olùdarí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ń so mẹ́ta, olùdarí fúnra rẹ̀ ń so mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí iye ìlẹ̀kẹ̀ gùn yín lórí. Sikáòtù ti wọ Nàìjíríà láti 1915. Ní 1961, ọdún tó tẹ̀ lé òmìnira, àjọ Sikáòtù àgbáyé gba ti orílẹ̀-èdè wa wọlé. Ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe àlejò.

Ìlànà àtijọ́ pín ẹ̀kọ́ náà sí mẹ́ta: ìwé kíkà àti dídáhùn ìbéèrè, ibùdó nínú pápá, àti àwọn oṣù tí o máa fi lo ohun tí o kọ́ nínú ẹgbẹ́ tìrẹ kí ẹnìkan tó wá wò ó. Ti pápá ló dùn jù. Ti ìkẹyìn ló ṣòro, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń já sí. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ẹni tó bá lọ sí Wood Badge máa ń kọ góńgó márùn-ún tí yóò ṣe fún ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, oṣù 18 ló sì ní láti fi parí wọn. Ẹ lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra yín láìdúró de ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ kọ ohun tí ojú lè rí. Má kọ pé "mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ mi dára sí i." Ta ló máa wọ̀n ọ́n? Kọ pé "kí oṣù kejìlá tó parí, olórí ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á lè darí ọ̀wọ́ wọn fún ogún ìṣẹ́jú láìsí àgbà nítòsí wọn." Ìyẹn, ẹni tó bá dé á rí i bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ apá kejì: ohun tí àgbà gbọ́dọ̀ fi lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ọ̀wọ́, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní pátróòlù, ni ìpìlẹ̀. Ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni. Kí ló dé tí kò gbọdọ̀ jẹ́ méjìlá? Nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá ni olórí wọn. Bí wọ́n bá pé méjìlá, méjì á máa jà lẹ́yìn, mẹ́ta á máa tẹ fóònù, olórí náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí àgbà. Kí ló dé tí kò yẹ kó jẹ́ mẹ́rin? Nítorí bí ibà bá mú ọ̀kan, tí ìyá ẹnìkejì sì rán an lọ sọ́jà, ọ̀wọ́ ti tán nìyẹn, kò sẹ́ni tí yóò di ẹsẹ̀ àgọ́ mú.

Ta ni yóò yan olórí? Àwọn ọmọ ọ̀wọ́ fúnra wọn. Àgbà a máa fẹ́ yan ọmọ pásítọ̀, tàbí ọmọ ẹni tó yá ẹgbẹ́ ní mọ́tò, tàbí èyí tó ga jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yéé ṣe é. Ohun tí àgbà lè ṣe ni kó sọ iṣẹ́ náà fún wọn kí wọ́n tó dìbò: olórí á máa pe orúkọ, á máa pín iṣẹ́, á máa jẹun kẹ́yìn. Kó sì ní gbèdéke, oṣù mẹ́fà tó. Bí wọ́n bá wá yan aláwàdà ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín, ẹ̀bùn kan wà lọ́wọ́ ẹ̀. Títọ́ ló kù.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù lọ rèé: a fún ọmọ ní oyè, a kò fún un ní ẹ̀kọ́. A lẹ báàjì mọ́ ọn láyà, lẹ́yìn náà a ń bínú pé kò mọ ohun tí yóò ṣe. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn olórí ọ̀wọ́ àti igbákejì wọn dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àwọn yòókù. Ohun tí ẹgbẹ́ máa kọ́ lọ́jọ́ náà, àwọn ni ọ̀gá yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ. Nígbà tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, olórí kọ̀ọ̀kan á kó ọ̀wọ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ igi tirẹ̀, á kọ́ wọn. Bí ọ̀gá bá dúró kọ́ ọmọ 32 lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olórí mẹ́rin, ọmọ 28 yòókù ò sì ní gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kékeré kan fi ṣàpẹẹrẹ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni: kókó tí à ń pè ní reef knot. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní okùn mítà kan tó nípọn tó nǹkan bí mìlímítà mẹ́jọ. Má lo okùn ike tó ń dán, á máa yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kun etí kan ní pupa. Àkọ́kọ́, sọ ohun tí kókó náà wà fún: òun la fi ń so báńdéèjì, nítorí pé ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í gún ẹni tó fara pa. Ìkejì, dì í níṣojú wọn, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Òsì gorí ọ̀tún, gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ọ̀tún gorí òsì, gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, fà á. Ìkẹta, kí àwọn náà dì í, kí ìwọ sì fi ọwọ́ tìrẹ sẹ́yìn. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe nira fún àgbà tó. Ọwọ́ á máa yún wa pé ká gba okùn náà, "mú un wá jàre, wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Bí o bá ti gbà á, ìwọ lo di í, kì í ṣe òun. Ìkẹrin, kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n kọ́ ẹlòmíì. Bí kò bá lè kọ́ ẹlòmíì, kò tíì mọ̀ ọ́n.

Àṣìṣe mẹ́ta ló máa ń jẹ yọ níbẹ̀. Ọmọ á ṣe òsì gorí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kókó náà á jọ kókó, ṣùgbọ́n á máa yọ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, wo etí okùn. Nínú èyí tó dáa, etí kọ̀ọ̀kan máa ń sùn ti okùn tó ti wá. Nínú èyí tó bàjẹ́, àwọn etí á yà dábùú. Àṣìṣe kejì jẹ́ ti olùkọ́: ó dúró kọjú sí ọmọ, òsì tirẹ̀ wá di ọ̀tún lójú ọmọ, ọmọ ń wò ó, orí rẹ̀ dàrú. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ jọ kọjú síbì kan náà. Ẹ̀kẹta ló léwu: má ṣe fi kókó yìí so okùn méjì pọ̀ láti gbé ènìyàn tàbí ẹrù wúwo. Á tú.

Bí ìpàdé wákàtí méjì ṣe yẹ kó lọ ńkọ́? Ká ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lẹ bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún àsíá àti àyẹ̀wò aṣọ. Ogún fún ọ̀wọ́ nígun tiwọn. Ọgbọ̀n fún iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́. Ogún fún eré. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún iṣẹ́ tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ti dáwọ́ lé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìkẹyìn fún ìkéde àti ìparí. Kí ni àwa ń ṣe? Ìkéde nìkan, ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀gá á sọ̀rọ̀, igbákejì á ní "láti fi kún ohun tí ọ̀gá sọ," alága òbí á dúpẹ́. Eré ni wọ́n á wá gé kúrò. Ọmọ tí wọ́n gé eré rẹ̀ kò ní wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ sísọ náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò tàbí ibùdó, ẹ jókòó yípo kí ẹ bi ara yín léèrè: kí ló lọ dáadáa, kí ni kò lọ dáadáa, kí la máa ṣe yàtọ̀ nígbà míì? Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nínú ìjókòó yìí, ẹ yí i padà. Èyí tó kéré jù ni kó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ máa gòkè bọ̀, kí ọ̀gá sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Ìdí ni pé bí ọ̀gá bá ti ní "oúnjẹ yẹn dùn gan-an," ọmọ wo ló máa dìde sọ pé iyọ̀ pọ̀ jù? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀. Bí ẹ bá ti pa ọmọdé lẹ́nu mọ́, ìdajì Ifẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù.

Bí ìrẹsì wọn bá wá fẹ́ jóná ńkọ́? Ìbéèrè tí ẹ máa bi mí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó jóná. Olóúnjẹ ọ̀wọ́ náà wà níbẹ̀, olórí wọn wà níbẹ̀, imú wọn ń gbóòórùn. Iṣẹ́ tìrẹ ni pé kí o ti kó gàrí, ẹ̀pà àti ṣúgà pamọ́ sínú àpótí kan, kí ebi má pa ẹnikẹ́ni sùn. Ìrẹsì tó jóná lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní gbàgbé láti dín iná kù mọ́. Èyí tí o sáré lọ yí fún wọn, ìwọ lo kọ́ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ìrẹsì jóná, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ jóná. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbà bọ́ sí apá kẹta: ohun tí àgbà kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn aṣáájú kan wà tí wọ́n gbọ́ "ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn," tí wọ́n wá lọ sùn sínú mọ́tò. A ò bá irú wọn ṣe.

Ẹ mú ibùdó. Kí àgbà méjì lọ wo ilẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n rí onílẹ̀ àti baálẹ̀, kí wọ́n bi àwọn ará àdúgbò bí ọ̀nà ṣe rí. Bí wọ́n bá mi orí, ẹ wá ibòmíì, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ẹ wakọ̀ láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn jù, kí ẹ mọ iye ìṣẹ́jú tó gbà. Kí ẹ tan fóònù yín síbi tí àgọ́ máa wà, nítorí ọ̀pọ̀ ibi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń ku igi kan ṣoṣo.

Omi ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣì kà. Ẹ fi lítà 15 sí ẹnìkan lójúmọ́, fún mímu, sísè àti wíwẹ̀. Ọmọ 24 àti àgbà mẹ́rin, ènìyàn 28 nìyẹn, lítà 420. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́tàdínlógún lójúmọ́ kan. Ta ló máa pọn ọ́n? Níbo ni? Bí ẹ kò bá ní èsì ìbéèrè yẹn kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ má lọ. Kí ilé ìgbẹ́ jìnnà sí kànga tàbí odò ní ọgbọ̀n mítà ó kéré tán, kó sì jìnnà sí ibi ìdáná. Kí omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe nínú àgọ́ ọ̀gá.

Iná: ro ilẹ̀ yí i ká ní mítà mẹ́ta, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí korobá omi kan àti ti iyanrìn kan wà níbẹ̀ kí ẹ tó ṣá ìṣáná. Láti pa á, da omi sí i, fi igi rò ó, tún da omi, kí o wá na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ eérú náà. Bí ó bá ṣì ń gbóná, kò tíì kú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kẹrosín-ìn tàbí pẹtiróòlù tan iná igi. Ẹ kò gbọdọ̀ gbà á, kódà bí òjò bá ti rẹ igi.

Òjò wa máa ń fi ààrá dé. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ààrá bá sán kí ẹ tó ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ẹ kó àwọn ọmọ sínú ilé gidi tàbí inú mọ́tò. Àgọ́ kì í ṣe ilé, abẹ́ igi tún burú jù. Ẹ dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ààrá ìkẹyìn. Odò ńkọ́? Bí kò bá sí àgbà tó lè gba ènìyàn là nínú omi, tó sì gbà láti máa ṣọ́ wọn lọ́jọ́ náà, kò sí wíwẹ̀ odò. Bí ó bá wà, kí ọmọ máa wọlé ní méjì-méjì, kí ẹ máa kà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Àpótí ìtọ́jú kò gbọdọ̀ jẹ́ pàǹtí. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, gọ́ọ̀sì, báńdéèjì fífẹ̀, aṣọ onígun mẹ́ta, pílásítà, sísọ́ọ̀sì, pín-ìnnì, òṣùwọ̀n ìgbóná ara, àti ORS, ìyẹn èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò mọ́ omi fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Lórí ORS, ìwọ̀n omi tó wà lára páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé; èyí tó bá ní lítà kan, píọ̀-wọ́tà oní 50cl méjì gééré ni. Bí omi bá kéré, iyọ̀ á pọ̀ jù fún ọmọ tó ń ṣu. Bí ejò bá ṣán ọmọ, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má fi okùn dè é pinpin. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ fi igi gbe ẹsẹ̀ tàbí apá náà kó má mira, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ sì má fún ọmọ ọlọ́mọ ní oògùn tí òbí rẹ̀ kò kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Mo wá kan ibi tó wúwo jù, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó ń tẹ fóònù gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ lọ́wọ́ àgbà ni. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ẹgbẹ́ Sikáòtù ti Amẹ́ríkà sá lọ sábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí gbèsè bò mọ́lẹ̀, nítorí ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ní àgbà fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ wọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé nínú ẹgbẹ́. Àwọn tó jáde sọ tiwọn lé ní 82,000. Ẹ jẹ́ kí iye yẹn wọ̀ yín lára. Ènìyàn a máa sọ pé "ti òyìnbó nìyẹn." Rárá o. Òyìnbó ka tiwọn ni. Ta ló ti ka tiwa?

Nítorí náà, àwọn ìlànà yìí kò ní àfi. Àgbà méjì ló gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà gbogbo. Àgbà kan àti ọmọ kan kò gbọdọ̀ wà níbi tí ojú ẹlòmíì kò tó. Bí ọmọ bá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ àṣírí, ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi tí gbogbo ènìyàn ń rí, níbi tí etí wọn kò dé. Àgbà kò gbọdọ̀ sùn nínú àgọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibi ìwẹ̀ àgbà lọ́tọ̀, tọmọdé lọ́tọ̀. Níbi tí ọmọbìnrin bá wà, tiwọn lọ́tọ̀, kí aṣáájú obìnrin sì wà níbẹ̀. Kò sí ìfìyàjẹni fún ọmọ tuntun ní orúkọ ìgbàwọlé. Kò sí ẹgba. Lórí WhatsApp, má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ ní ìkọ̀kọ̀; kí òbí tàbí aṣáájú mìíràn wà lórí rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, ṣé a ò fọkàn tán ara wa ni? Ìlànà náà kò bi ọ́ bóyá o jẹ́ ènìyàn rere. Ó ń dáàbò bo ọmọ, ó sì ń dáàbò bo ìwọ ẹni rere, torí ẹni tí wọ́n bá rí níta gbangba nígbà gbogbo, ta ló lè purọ́ mọ́ ọn? Ẹni tó bá ń bínú sí ìlànà yìí, ẹ̀yin náà ẹ máa ṣọ́ ọ.

A sì ní ìṣòro tiwa. A ti kọ́ ọmọ pé kì í wo àgbà lójú, kì í sọ pé "rárá" fún àgbà. Ẹ̀kọ́ ilé tó dáa ni, àmọ́ ẹni burúkú mọ̀ ọ́n lò. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ní gbangba, níṣojú àwọn òbí wọn, pé bí àgbà kankan bá fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí kò yẹ, tàbí ó ní kí wọ́n pa nǹkan mọ́ fún ìyá wọn, kí wọ́n kọ̀, kí wọ́n sá, kí wọ́n sọ. Ìyẹn kì í ṣe àrífín.

Bí ọmọ bá wá sọ fún ọ ńkọ́? Gbọ́ ọ. Má ṣe pariwo, má ṣe ní "o ò purọ́ báyìí?" Má ṣèlérí pé o kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wàá sọ. Má fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá. Ìbéèrè tó pọ̀ lè ba ẹ̀rí jẹ́. Bí ó bá ti lọ, kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ọmọ ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sọ fún ẹni tó ń bójú tó ààbò nínú ẹgbẹ́ àti fún ìjọba. Má ṣe pe àgbà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wá jókòó kí ẹ jọ "parí ẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí." Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, Èkó ti fi tirẹ̀ lélẹ̀ ní 2007, àjọ DSVA, ìyẹn àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, sì wà níbẹ̀ fún irú ẹjọ́ báyìí. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹbí.

Ó ku díẹ̀, mo fẹ́ yára lórí èyí tó kù. Ìwé àdéhùn ni. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹgbẹ́ wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Kí wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, wákàtí tó lè fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹni tí yóò máa jíhìn fún, àti ìgbà tí iṣẹ́ náà máa parí. Ẹ má ṣe fojú di èyí ìkẹyìn yẹn. Ẹni tí a kò fún ní ìgbà tí yóò parí, ọ̀nà méjì ló máa ń gbà lọ: ó lè rẹ̀ ẹ́, kó dáwọ́ dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tàbí kó sọ ẹgbẹ́ di ti bàbá rẹ̀. Bí àkókò bá pé, ẹ jókòó: ṣé á tún un ṣe, ṣé á gba iṣẹ́ mìíràn, tàbí a óò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó máa lọ sinmi? Ní ti owó, ẹni méjì ló ń fọwọ́ sí i, rìsíìtì wà fún gbogbo rẹ̀, títí kan owó gàrí, kí wọ́n sì ka àkọsílẹ̀ náà fún àwọn òbí ní gbogbo oṣù mẹ́ta. Owó ọkọ̀ ọmọ kì í gba inú àkántì aṣáájú kọjá.

Ibi tí mo ní lọ́kàn láti dé nìyẹn. Ó yá, ẹ dìde, ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ, kí ẹni tó mọra má ṣe wà nínú ọ̀wọ́ kan náà. Ẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti yan olórí àti igbákejì. Àwọn olórí ni kí wọ́n wá bá mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kí wọ́n mú bírò wá. Àwọn yòókù, ìgbálẹ̀ àti igi ìdáná wà lábẹ́ igi máńgòrò, ìrẹsì àti tòmátì wà nínú àpò funfun. A kò ní bá yín sè é o.